Ọ̀pá Tòmátì Tó Hùwé

Tòmátì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé ní Ẹ̀gbẹ́dá, tòmátì yẹn náà ló sì sọ wá di ọmọ ilé. Bí mo bá ti ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi, wọn á ní, "Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo ti bẹ̀rẹ̀, jàre. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó dìde nídìí ọbẹ̀ mi.

Ayé Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Yàrá méjì là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì, ẹ̀kẹta sì wà nínú mi. Aránṣọ ni mí, ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo gbé maṣíìnì mi sí. Bíríkìlà lọkọ mi, ibi tí iṣẹ́ bá ti yọ ló ń lọ. Abẹ́òkúta ló wà lọ́dún tí mò ń sọ yìí; ó máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ìgbà míì a ò ní í rí i rárá. Kí a tó dé Ẹ̀gbẹ́dá, Muṣin la wà, níbi tí wọ́n ti bí mi tí mo ti dàgbà, tí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ kọnkéré àti gọ́tà. Onílé wa níbẹ̀ sọ pé ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó, òun fẹ́ gba yàrá òun. Ọmọlanke la fi kó ẹrù wa jáde nínú òjò. Bẹ́ẹ̀dì wa rin gbingbin, àkọ́bí mi ń bi mí pé ilé ta là ń lọ. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi la sùn títí a fi rí ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù wọ ibẹ̀, mo búra pé mi ò tún ní í rìn tẹ̀ lé ọmọlanke mọ́ láyé mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Mi ò béèrè ọlá, mi ò béèrè ọlà. Kí wọ́n ṣáà má lé wa.

Ilé àwọn onílẹ̀ ni, ìdílé tó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé ojú títì. Àlájì ni láńlọ́ọ̀dù wa. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé yàrá iwájú. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n. Ojú wọn ò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n kò sóhun tí etí wọn kì í gbọ́. Lọ́jọ́ tí a kó dé, wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tó jẹ́ ti ẹbí wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ lè gbin nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ síbẹ̀. Ẹ̀fọ́, ilá, àgbàdo. Ṣùgbọ́n ẹ má gbin igi o. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ilẹ̀ ló fẹ́ gbà."

Mo ní, "Màmá, èmi tí mo wá láti Muṣin, kí ni mo fẹ́ fi igi ṣe?" Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ìbínú ló jẹ́ kí n gbin tòmátì. Ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ, èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya ti wọ́n lọ́jà. Mo dé Ìkòtún, mo bá obìnrin kan tó to tòmátì rírọ̀ kalẹ̀ bí ẹni to wúrà. Ó dá owó lé e, mo ní, "Ṣé ó ti wà nínú ọbẹ̀ ni, tẹ́ ẹ fi ń pe iye yẹn?" Ó wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, bí ó bá wọ́n, ẹ lọ gbin tiyín." Háà! Ṣé èmi lo sọ bẹ́ẹ̀ fún? Mo ra díẹ̀ nínú èyí tó ti rọ̀ jù, tí omi ti ń sun lára rẹ̀, mo ní, "Màá gbìn ín, wàá sì gbọ́." Obìnrin yẹn ò mọ ilé mi, kò mọ ọ̀nà mi, níbo ló ti máa gbọ́? Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí mi, mi kì í ronú débẹ̀.

Mo délé, mo fún hóró rẹ̀ sínú eérú, mo tẹ́ ẹ sórí bébà, mo sá a sójú wíńdò títí ó fi gbẹ. Mo bu ilẹ̀ dúdú sínú báàfù ọmọ tó ti là nídìí, mo wọ́n hóró náà sí i, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kí n tó bu omi bọ́jú. Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó, báàfù lò ń kí ni, o ò tíì kí wa?" Nígbà tó wá yọ, tí ewé wẹ́wẹ́ là jáde nínú ilẹ̀, mo pariwo débi pé àwọn ọmọ mi sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni.

Ìyá Àgbà ló kọ́ mi pé ìrọ̀lẹ́ ni kí n máa ṣí i lọ sójú ilẹ̀, kí oòrùn má baà pa á. Wọ́n ní ìdí ni kí n máa bomi sí, kí n má da omi lé e lórí bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Mo tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, àfi ìgbẹ́ adìẹ tí mo fi ọgbọ́n orí ara mi dà sí i. Tútù ni mo dà á, ó sì jó àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan gbẹ. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jókòó kó jẹrà dáadáa. Mo ń bu eérú sórí ewé nítorí kòkòrò. Mo ń ṣa ìgbín kúrò láàárọ̀ kùtù. Mo bá ewúrẹ́ àdúgbò jà títí tí wọ́n fi ń gba ọ̀nà míì bí wọ́n bá rí mi. Òórùn ewé tòmátì ò kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Oníbàárà mi kan gbé búláòsì rẹ̀ símú, ó ní, "Kí ló ń rùn bí igbó báyìí?" Mo ní ọṣẹ tuntun ni mo fi fọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo tòmátì! Ewé rẹ̀ ṣú dùdù, ìdí rẹ̀ ki, òdòdó rẹ̀ ń so jìngbìnnì. Inú mi ń dùn, mi ò lè pa á mọ́ra. Ìgbà tí èso ń tóbi ló wá di wàhálà. Ẹ̀ka ò lè gbé e mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sílẹ̀, èyí tó bá sì ti fara kan ilẹ̀, á jẹrà kó tó pọ́n. Ọkọ mi wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wò ó, ó ní, "Fún un lọ́pá kó gbára lé. Ta okùn mi sí i, kí ọ̀pá náà lè gún. Má ṣe é wọ́gọwọ̀gọ bí irun orí rẹ." Ó fi okùn láìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo mú àdá, mo gba ọ̀nà odò lọ wá igi. Mo rí igi kan tó pọ̀ lọ jàntìrẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gún gbọọrọ, ara rẹ̀ ní òrùka òrùka, ewé gígùn ló kó jọ sórí. Kò le, àdá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Mo ní ta ni yóò rí igi tó dáa báyìí tí kò ní í gé e? Mo gé ẹrù kan, mo bó ewé rẹ̀ kúrò, mo gbé e karí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti oko wá ti mọ igi tí mò ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Mo kan èèkàn sí ìdí ògiri ilé, mo kan òmíràn sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́hùn-ún, mo ta okùn láìnì ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ní ojú okùn gan-an, títí mo fi la ilẹ̀ náà já. Mo kó àgékù aṣọ tó wà lábẹ́ maṣíìnì mi, áńkárá, lẹ́ẹ̀sì, tẹ́tẹ́rọ́ọ̀nù, mo fi so tòmátì mọ́ ọ̀pá ní ìkọ̀ọ̀kan. Mi ò fún un mọ́ ọn. Mo dá àlàfo sílẹ̀ kó lè máa mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbá ìbàdí mú, mo wò ó. Ó rẹwà, ẹ gbà mí gbọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ bomi rin ín láàárọ̀, ojú mi sì rí nǹkan. Ọ̀pá mi ń hùwé! Igi tí mo fi àdá gé, tí mo bó ewé rẹ̀ kúrò, ló ń yọ ọ̀mùnú tútù lórí, láti òpin ìlà kan dé èkejì. Ẹ ò lè mọ bí orí mi ṣe wú tó. Mo ní ọwọ́ mi yìí, ọwọ́ ìbùkún ni. Mo ní ìgbẹ́ adìẹ yẹn lágbára débi pé ọ̀pá pàápàá ń jẹ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ọ̀pá.

Tí mo bá pa ẹnu mọ́, ó lè má ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àlájì ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ẹ wá wo ohun tí mo gbìn!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ilé. Wọ́n wo ìlà yẹn láti ìdí ògiri dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ kankan. Mo rò pé ẹnu yà wọ́n ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, wọn ò wọlé. "Ìyá ọmọ, ẹ sọ fún ọkọ yín pé kẹ́ ẹ wá ilé síbòmíràn. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, mo fẹ́ yàrá mi."

Mo ní, "Àlájì! Kí la ṣe?"

"Ẹ lọ bi ẹni tó rán yín."

Mo kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ọmọlanke ni mo ń rí. Mo ń rí bẹ́ẹ̀dì tó rin gbingbin. Ikùn mi sì ti yọ síta nígbà yẹn. Onílé wo ló máa gba aláboyún olọ́mọ méjì tí ọkọ rẹ̀ ò sí nílé? Kò sí fóònù tí mo lè fi pe ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò wálé lọ́sẹ̀ yẹn.

Yàrá Ìyá Àgbà ni mo sáré lọ. Mo wólẹ̀ sórí ẹní wọn, mo ń sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Wọ́n ní, "Kí lo rì mọ́lẹ̀ níta yẹn?"

"Ọ̀pá tòmátì ni, Màmá."

"Ọ̀pá wo? Ọmọ mi ní pèrègún ni."

"Kí ni wọ́n ń pè ní pèrègún?"

Wọ́n yọjú wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "O ò mọ pèrègún? Yorùbá ni ọ́, àbí?" Wọ́n wá là á yé mi. Wọ́n ní pèrègún kì í kú. Gé e, sọ ọ́ sílẹ̀, á hùwé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe fi ń pa ààlà ilẹ̀. Ilé lè wó, baba lè kú, pèrègún á ṣì máa sọ ibi tí ilẹ̀ baba ẹnì kan parí sí. Wọ́n ní ìdílé kan wà lápá Ìpájà tó ń bá wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́, báyìí gan-an ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀: ayálégbé kan ló kọ́kọ́ wá gbin pèrègún. "Ìwọ wá ta okùn, o kan èèkàn, o fi pèrègún la ilẹ̀ wa sí méjì, o tún lọ pe onílẹ̀ wá wò ó."

Yéè! Mo gbé!

Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ Àlájì. Wọ́n mi orí. "Ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Àlájì nìkan. Ọjọ́ Àìkú lẹbí ń bọ̀ wá wò ó. Mi ò lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n bá bi ọ́, sọ ọ́ bó ṣe rí." Mo fẹ́ lọ fa gbogbo rẹ̀ tu lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n má dán an wò, ẹni tó bá fà á tu kí ẹbí tó dé ń fi ọ̀ràn pamọ́ nìyẹn.

Oorun wo? Títí Ọjọ́ Àìkú fi mọ́, mi ò gbádùn. Mo ń rán aṣọ, mo ń tú u. Mo bomi rin tòmátì, mo gbójú kúrò lára ọ̀pá.

Ọ̀sán ni wọ́n dé, àwọn àgbà ẹbí, pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tòmátì mi bí ẹni wá síbi òkú. Ewé pèrègún ti gùn sí i, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé àpótí fún Ìyá Àgbà, wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀ nítorí oyún.

Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó. Ta ló gbin pèrègún yìí síbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá."

Ariwo sọ. "Ẹ gbọ́ o! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!" Bàbá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ na ọ̀pá sí mi, wọ́n ní, "Ta ló ni okùn?"

Mo ní, "Okùn bíríkìlà ọkọ mi ni, sà."

"Ọkọ rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n! Ẹ ò rí i bí?" Gbogbo ohun tí mo bá sọ ń bà á jẹ́ sí i ni. Mo sọ pé ó fẹ́ kó gún, wọ́n ní kí ló fẹ́ fi gígún rẹ̀ ṣe? Àlájì kàn kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbìn ín ní í fà á tu. Bọ́ sí i, fà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri. Mo di àkọ́kọ́ mú, mo fà á. Ó ti ta gbòǹgbò funfun báláú, ó gbé ilẹ̀ dání jáde. Tòmátì tó gbára lé e wó lulẹ̀, èso tútù rẹ̀ lu ilẹ̀, ẹ̀ka kan kán pọ́ọ́. Mo fa ìkejì. Ó tún wó. Nígbà tí mo dé ìkẹta, orí mi gbóná, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo kọjú sí àwọn bàbá yẹn, mo ń sunkún, mo ń pariwo: "Ẹ gba ilẹ̀ yín! Ẹ gba igi yín! Ẹ lé mi bẹ́ ẹ bá fẹ́, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn! Ṣùgbọ́n kí ni tòmátì ṣe? Mo tọ́ ọ bí ẹní tọ́ ọmọ, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa á?"

Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí. Ojú wọn ò ríran dáadáa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà. Wọ́n rìn wá síbi ọ̀pá tí mo dì mú, wọ́n fọwọ́ pa á láti òkè wá sílẹ̀, ọwọ́ wọn wá kan àgékù aṣọ.

"Kí nìyí?"

"Áńkárá ni, Màmá. Mo fi so ó. Ọ̀já rẹ̀ ni."

"Ó dẹ̀ jù fún ìdè."

"Bí mo bá fún un, á gé e lọ́rùn. Mo pọ̀n ọ́n ni."

Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n fi ìka wọ inú àlàfo tí mo dá sílẹ̀ yẹn, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n bọ́ sí èyí tó kàn, wọ́n fọwọ́ kàn án. Lẹ́ẹ̀sì ni tibẹ̀. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di èjìká mi mú kí wọ́n má baà ṣubú.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ ti rí ẹni tó ń pààlà rí, tó wá fi lẹ́ẹ̀sì pọn tòmátì mọ́ ọn lẹ́yìn? Ẹni tó fẹ́ jí ilẹ̀ gbà, ṣé á lọ di ọwọ́ onílẹ̀ mú, pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun? Àlájì, ta ló pè ọ́ wá síbí?"

Àlájì ní, "Òun ni." Wọ́n ṣì kọ ẹ̀yìn sí wa, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká wọn ń mì. Ẹ̀rín ló ń mú wọn. Ẹnu tó kó mi sí i náà ló wá yọ mí.

Bàbá tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní, "Ìyá, a ti gbọ́. Síbẹ̀, igi náà ò gbọdọ̀ dúró."

"Igi ò ní í dúró," ni Ìyá Àgbà wí, "ṣùgbọ́n tòmátì ò ní í ṣubú. Àlájì, lọ kó ọparun tó wà lẹ́yìnkùlé wá."

Bí mo bá gbé e sínú ọkàn lónìí, omijé ṣì máa ń bọ́ lójú mi. Àlájì nínú jalamíà funfun wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé tòmátì mi dúró, nígbà tí mò ń fa pèrègún tu tí mo sì ń ri ọparun gbígbẹ sí àyè rẹ̀. Àwọn bàbá ń darí wa: "Rọra! Ẹ̀ka yẹn ń tẹ̀!" Àwọn tó wá lé mi ló wá ń bá mi tún ọ̀já so. Ìyá Àgbà mú ọ̀kan nínú pèrègún náà, wọ́n ní kò yẹ kí a sọ ohun tó fẹ́ yè nù, wọ́n lọ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàǹga lẹ́yìn yàrá wọn, níbi tó ti jẹ́ ilẹ̀ tiwọn láìsí àríyànjiyàn.

Tòmátì yẹn pọ́n. Èyí tó ṣubú pàápàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà gbérí. Mo ká àkọ́so rẹ̀ sínú abọ́ tánganran mi tó dáa jù, mo gbé e lọ fún Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀, láti dúpẹ́ ni ṣá. Wọ́n gba abọ́, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá ké jáde sí gbogbo ilé: "Ẹ gbọ́ o! Ìyàwó ti san ìṣákọ́lẹ̀!"

Mi ò mọ ìyẹn náà. Àlájì ló ṣàlàyé fún mi, wọ́n ti ń jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, á máa mú nǹkan wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ín. Bí onílẹ̀ bá sì ti gbà á, kò lè ṣàdédé lé e mọ́. "Màmá ti gbà á lọ́wọ́ yín lójú gbogbo èèyàn. Ó parí nìyẹn. Ẹ jókòó." Mo jókòó lóòótọ́, sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọdún yẹn, kí n tó fi tòmátì tuntun sí ọbẹ̀ mi, abọ́ Ìyá Àgbà ni mo máa kọ́kọ́ kún. Ọwọ́ wọn náà ló gba ọmọ mi kẹta nígbà tí mo ti ilé ìgbẹ̀bí dé, àwọn ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n má gbàgbé obìnrin Ìkòtún. Mo di tòmátì mi sínú ọ̀rá, mo lọ bá a lórí àtẹ, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ní kí n gbin tèmi. Òun rèé." Kò rántí mi rárá. Ó gbé ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Àǹtí, ó dáa o. Ṣé ẹ máa tà á?" Gbogbo ìbínú tí mo ti kó pamọ́ bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín délé.

A pẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti wọ àwọn ọdún 1990 kí ọkọ mi tó kọ́ yàrá tiwa sí Ìgàndó, lórí ilẹ̀ tí òun àti èmi jọ rà. Wíńdò ò tíì pé, a ò tíì rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tiwa ni. Lọ́jọ́ tí a ń kó lọ, mo ń múra àtilọ wá ọkọ̀, Àlájì ní kí n má ṣe wàhálà. Píkọ́ọ̀pù wọn ni wọ́n fi kó wa, àwọn fúnra wọn ló wà á. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, mo ń wo bẹ́ẹ̀dì mi tó gbẹ fúrúfúrú, mo rántí ọmọlanke, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ọkọ mi fi ní kí n wọlé ká máa lọ.

Ìyá Àgbà ti jókòó síwájú ọkọ̀. Ojú wọn ti fọ́ tán nígbà yẹn. Wọ́n fi aṣọ tútù di nǹkan kan sórí itan, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e.

Nígbà tí a dé Ìgàndó, wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí igun ilẹ̀ wa. Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú débẹ̀. Wọ́n tú aṣọ náà. Pèrègún ni, gbọọrọ, wọ́n gé e lára èyí tí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàǹga lọ́jọ́sí. Wọ́n so àgékù aṣọ kan mọ́ ọn. Áńkárá mi ni, ó ti ṣá, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ láti gbogbo ọdún yẹn.

Wọ́n ní, "Gbìn ín."

Mo gbẹ́lẹ̀, mo rì í, mo fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n mì ín wò bóyá ó dúró. Wọ́n wá gbé orí sókè, wọ́n lo ohùn tí wọ́n lò lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó lé mi lórí.

"Ìyàwó. Ta ló gbin pèrègún yìí síbẹ̀?"

Mo fi etí aṣọ nu ojú mi.

"Èmi ni, Màmá."

"Sọ ọ́ sókè."

"Èmi ni!"

Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o fà á tu."